Lẹ́tà Oníwo àti Àtàǹpàkò Ọ̀gá Ìyá Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ pé mo kórìíra lẹ́tà yẹn. Nínú kọ̀ǹpútà, Old English lorúkọ rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ní Ìtamágá ń pè é ní lẹ́tà oníwo. Èmi náà ní orúkọ tí mo máa ń pè é nígbà tó bá ń mu ínkì mi bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò ṣe é kọ sínú ìwé tí ọmọlúàbí máa kà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun ni lẹ́tà tó dúdú bí kóró iṣin, tó nípọn níbì kan, tó tín-ín-rín níbòmíràn, tí orí rẹ̀ yọ ìwo, tí ìdí rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Tí ẹ bá fi lẹ́tà kékeré rẹ̀ kọ̀wé, wọ́n á tò ti ara wọn bí igi ọgbà, débi pé kí ẹ tó mọ èyí tó jẹ́ m, èyí tó jẹ́ n, èyí tó jẹ́ u, àfi kí ẹ kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́tà ńlá rẹ̀ ló wá burú jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wé gèlè, tó wọ ìlẹ̀kẹ̀, tó tún ń wọ́ aṣọ nílẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo níwájú ọ̀rọ̀ kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó wọn jọ sójú kan, ńṣe ni wọ́n máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀, kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè sọ fún yín bóyá A lẹ̀ ń wò tàbí U.

Mo kà á níbì kan pé àwọn òyìnbó àtijọ́ ló ni ín, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi kálàmù ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kọ̀wé sórí awọ ẹran. Awọ ṣọ̀wọ́n, ni wọ́n bá ń fún lẹ́tà pọ̀ kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè gba ojú kan. Tí wọ́n bá fa kálàmù náà wálẹ̀, ilà á nípọn; tí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fà á, ilà á tín-ín-rín; àwọn ìwo wọ̀nyẹn, ibi tí ẹnu kálàmù ti kọ́kọ́ kan awọ ni. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ohun tí kò yé mi ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kan fọganáísà ní Ìkòròdú, ní ayé tí fóònù alágbèéká ti ń dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan nígbà náà, tí kò jìnnà sí ojú títì Ìtamágá. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ tóbi bí àpótí aṣọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣiṣẹ́, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí ariwo rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Fírídọ́ọ̀mù ló ń bọ́ mi. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá parí, yálà télọ̀ ni o, onídìrí ni o, kápẹ́ńtà ni o, ọ̀gá rẹ̀ á pe ènìyàn jọ, á ṣàdúà fún un, á sì dá a sílẹ̀. Láyé àtijọ́, àdúà yẹn ti tó. Láyé tèmi, ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwo.

Mo gbìyànjú láti yí ìlú padà. Mo fẹ́ràn lẹ́tà tó mọ́, tó dúró ṣánṣán, tí ọmọ iléèwé lè kà láti òdì kejì títì. Fọganáísà kan wá sọ́dọ̀ mi pé kí n ṣe sátífíkéètì ọmọ iṣẹ́ òun. Mo fi lẹ́tà tó mọ́ kọ ọ́, mo fi ojú sílẹ̀ yí i ká, mo tẹ̀ ẹ́ sórí páálí tó lẹ́wà. Ọkùnrin náà gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíìlì iná nìyí."

Mo ní, "Sátífíkéètì ni. Ẹ kà á."

"Ọmọ yìí sìn mí títí irùngbọ̀n fi hù ú, ó ń gbé jáàkì nínú òjò, ẹ wá fún un ní bíìlì iná."

Inú bí mi. Mo gbé ọ̀kan tó ní ìwo síwájú rẹ̀, mo bi í bóyá ó lè ka ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ní, "Àmọ́ èyí tí mi ò lè kà yìí, ó jọ ohun tí ó yẹ kí n máa bẹ̀rù." Mo rọ ínkì sínú ẹ̀rọ, mo sì tẹ ìwo fún un.

Pásítọ̀ kan tiẹ̀ wà tó ní kí n fi lẹ́tà ńlá oníwo kọ gbogbo pósítà ìpàdé ìsọjí wọn, láti òkè délẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé kò sẹ́ni tó máa lè kà á. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ ìkókó tó ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé kíkà la fẹ́ kà á ni? Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ètò ńlá wà." Wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Àwọn kan wá láàárọ̀, àwọn kan wá lálẹ́, àwọn kan wá lọ́jọ́ kejì. Pásítọ̀ ní ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe gba kámú. Nǹkan mẹ́ta ló ń gba ìwo ní ṣọ́ọ̀bù mi: ìwé-ẹ̀rí, ìgbéyàwó, àti òkú. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo wọn sí, mo sì ti fi ìkéde òkú ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó rí. Mo yọ fọ́tò bàbá arúgbó, mo fi ti ìyàwó sí i, mo yí ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta padà. Gbogbo ènìyàn ní ó rẹwà.

Orí ìyá mi ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí ti wá di wàhálà.

Télọ̀ ni ìyá mi. Iwájú ilé wa ló ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé àti aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Industrial Estate, títí tí ojú kan lórí sìmẹ́ńtì fi jin níbi tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ yan alága tuntun, obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá ń kí yín pàápàá, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń bá yín wí. Alága ní àwọn ayédèrú ti pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Ó pàṣẹ pé kí oníkálukú gbé sátífíkéètì fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ́ sára ògiri kí ẹgbẹ́ tó wá ṣàyẹ̀wò nínú ààwẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, wọ́n á tú orí máṣìn rẹ̀ gbé lọ.

Ìyá mi kọ́kọ́ fi ṣẹ̀rín. "Wọ́n ní kí n mú sátífíkéètì wá. Èmi! Èmi tí mo rán yúnífọ́ọ̀mù fún alága fúnra ẹ̀ nígbà tó wà ní pírámárì!"

Ẹ̀rín náà tán lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò kejì. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, a rí orí máṣìn obìnrin kan tí wọ́n gbé sáàárín ọlọ́kadà àti ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó lẹ́yìn, bí èrò tó ti sanwó. Olóhun ń sáré tẹ̀ lé ọ̀kadà náà, ó ń pariwo pé òun ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí gbogbo wọn. Ìyá mi wọlé, ó gbé ọwọ́ lé orí máṣìn tirẹ̀, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ ọdún Ìtúnnu ló kún inú ilé nígbà náà. Aṣọ àwọn ènìyàn dì jọ gègèrè lórí àga, lórí ibùsùn, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá gbé orí máṣìn yẹn lọ, ojú máa tì í káàkiri Ìkòròdú.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Ọ̀gá mi tọ́ oyin sí mi lẹ́nu, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúà. Ta ló ń kọ̀wé nígbà náà? Ìwọ kọ ọ́ fún mi, ká gbé e lọ kí wọ́n fọwọ́ sí i."

Inú mi dùn. Mo rò ó pé ó kéré tán, sátífíkéètì ìyá mi kò ní ní ìwo. Mo lo gbogbo ọgbọ́n orí mi, mo fi lẹ́tà tó mọ́ kọ ọ́. Ìyá mi gbé e lọ han alága ná, kó má baà jẹ́ pé a rin ìrìn àjò asán. Alága kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, rìsíìtì ni ẹ gbé wá yìí. Ìwo dà?"

Bí mo ṣe tún padà sídìí dísíkẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn, tí mò ń ráhùn. Nígbà tí mo ṣe oníwo tán, alága fi ìka tọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí ni sátífíkéètì. Ó ku kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i."

A wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀. Níbi tí ọ̀nà Àgbọ̀wà ti yà, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ ra ọ̀pẹ òyìnbó fún ìṣínu ọ̀gá rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ títí a fi dé. Ilé ọ̀gá náà wà ní apá ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti máa ń wọ aṣọ ènìyàn lára. Ọ̀gá náà, arúgbó obìnrin tín-ín-rín kan, jókòó lójú fèrèsé. Ògiri ilé tó kọjú sí fèrèsé yẹn kún fún pósítà láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò kà á sí nígbà yẹn.

Ìyá mi, tó máa ń bá alága jiyàn, tó máa ń bá gbogbo Ìkòròdú jiyàn, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ gbì. Arúgbó náà kò tíì dáhùn ìkíni tó fi fa apá aṣọ rẹ̀, tó sì yí ojú ìránṣọ jáde.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, Ọ̀gá mi."

"O ṣì ń kánjú nídìí abíyá."

Ìyá mi ní kí wọ́n má bínú. Mo wo ìta kí n má baà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n béèrè gbogbo ará ilé tán, a mú ìwé jáde, a sì ṣàlàyé ohun tí ẹgbẹ́ wí. Arúgbó gba ìwé náà. Ó wò ó. Ó wo ògiri tó wà níta. Ó tún wò ó. Ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó di ẹyín iná mú.

"Ìnnàlílláhì! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ọ̀gá mi," ni ìyá mi wí. "Sátífíkéètì fírídọ́ọ̀mù mi ni."

"Má parọ́ fún mi nínú ààwẹ̀. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ lẹ́tà yìí." Ó na ìka sí ògiri. Ìgbà náà ni mo wá rí i dáadáa. Pósítà òkú ni gbogbo rẹ̀, ti àdúà ọjọ́ kẹjọ, ti ogójì ọjọ́, ti ìrántí ọdún, lẹ́tà oníwo sì gun orí gbogbo wọn. Arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìyẹn ni bàbá alápẹ̀ẹ́rẹ̀. Ìyẹn ni ẹni tó ń hun àwọ̀n. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n bá ti lẹ òmíràn mọ́ ọn, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Bí mo bá ti rí ìwo ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti lọ." Ó wò mí. "Ṣé orúkọ mi wà nínú ìwé yìí?"

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Níhìn-ín ni."

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

"O kọ mí sí lẹ́tà òkú, mò ń mí lójú ẹ!"

Ó ní kí n lọ fi lẹ́tà alààyè kọ ọ́ wá, kí òun tó fi ìka kan ohunkóhun. Ìyá mi ń bẹ̀bẹ̀, ojú rẹ̀ ti fà ro. Èmi ní tèmi, bí mo bá ní kí n má parọ́, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Mo ti wá ẹni tó kórìíra lẹ́tà yẹn tó mi kiri gbogbo Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ ló wà.

Ayọ̀ mi kò délé. Alága gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní Ẹ̀pẹ́ kọ́ ló ń darí ẹgbẹ́ níbí, ìwo ni òun fẹ́ rí. Ọjọ́ àyẹ̀wò àdúgbò wa sì ti ń sún mọ́lé. Ìyá mi kò sùn dáadáa mọ́. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn sààrì tó ń tẹ máṣìn kíkankíkan, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé máṣìn náà fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ.

Mo wá ronú ọgbọ́n kan tí mo rò pé Sólómọ́nì ò lè rò jù ú lọ. Mo fi ìwo kọ gbogbo ìwé náà nítorí alága, mo wá fi lẹ́tà tó mọ́ kọ orúkọ arúgbó nìkan, kó lè dá yàtọ̀ pé ó wà láàyè. A tún ra ọ̀pẹ òyìnbó, a gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Mo na orúkọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú ìgbéraga, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Arúgbó wò ó pẹ́. "Ẹ̀n-hẹ́n. Ẹ wá gbé èmi nìkan sáàárín òkú, bí ẹni tó wá kí wọn. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó ńkọ́?"

Ìyá mi bú sẹ́kún. Mo ti rí ìbínú ìyá mi rí, mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, wọ́n á gbé orí máṣìn mi. Aṣọ Ìtúnnu ọmọ ọlọ́mọ wà nílé. Kí ni mo ṣe fún yín? Ṣé n kò sìn yín bó ṣe yẹ ni? Ẹ sọ ọ́, kí n mọ̀."

Arúgbó náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń fi àtàǹpàkò ra ìka tó tẹ̀ lé e, bí àwọn télọ̀ ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń yí okùn. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà yẹn burú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun. Ìwọ lo sìn mí dáadáa jù nínú gbogbo wọn."

Ó ní òun náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Òun ti parí, wọ́n ti dá ọjọ́, oyin ti wà nínú ìgò, ni àìsàn bá gbé ọ̀gá òun ṣánlẹ̀. Kò dìde níbẹ̀ mọ́. Oyin ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, ibi òkú ni wọ́n ti fún àwọn àlejò lá.

"Kò sẹ́ni tó dá mi sílẹ̀. Mo kàn gbé abẹ́rẹ́, mo ń rán èyí tí mo bá rí. Àwọn ènìyàn ń gbé ọmọ wá, mò ń kọ́ wọn. Gbogbo ẹ̀yin tí mo dá sílẹ̀, ẹnu ni mo fi dá yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu sì rèé, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ. Ìwé ò ní bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹni tí wọn ò dá sílẹ̀, kí ló fẹ́ fi dá ẹlòmíì sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi gbé e pamọ́, kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ọmọ. Àwa ló wá fi páálí kan fà á jáde. Ìyá mi fi orúnkún wọ́ lọ bá a, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá mi, aṣọ tí mò ń rán láti ọjọ́ yìí wá, ṣé ó ń já?"

"Kò já."

"Ṣé ó ń wọ́?"

"Kò wọ́." Ó tún fa apá aṣọ ìyá mi. "Àfi ìdí abíyá."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Èmi tí mo jókòó ti ọ̀pẹ òyìnbó, n kò mọ ohun tí mo lè ṣe, ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu mi. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ sátífíkéètì tiyín náà."

"Ta ló máa fọwọ́ sí i?"

Ìyá mi ní, "Èmi ńkọ́, Ọ̀gá mi?"

Arúgbó yí padà sí i. "Ìwọ? Ọmọ iṣẹ́ á wá máa dá ọ̀gá sílẹ̀? Ayé ò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ o."

Ó kọjú sí fèrèsé. Ó wo ògiri àwọn òkú rẹ̀ pẹ́ títí, láti òkè délẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ láàárín èrò. Lẹ́yìn náà ló pè mí, tó ní kí n sún mọ́ òun.

"Ṣé lẹ́tà tí wọ́n ń kọ fún gbogbo wọn nìyẹn?"

"Òun náà ni, Ìyá."

"A jẹ́ pé òun ni wọ́n mọ̀ lọ́run níbẹ̀. Fi kọ ọ́ fún mi. Kọ orúkọ ọ̀gá mi sí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Ibi tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí, fi í sílẹ̀. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá gbé e fún wọn, wọ́n á fọwọ́ sí i. Wọn ò ní kọ̀. Mo mọ̀ wọ́n."

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi. Mo mú pádì ínkì jáde, ó tẹ ìka náà mọ́ ọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ìyá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ tó dá wà láàárín ìwo. Ó ṣàdúà fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ni. Oyin kò sí, ààwẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́, ló bá ní ká gbé ọ̀pẹ òyìnbó kan padà sílé, kí ìyá mi fi ṣínu dípò oyin.

Ọjọ́ àyẹ̀wò dé. Ìyá mi ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó dúró ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Alága dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n gbé sípánà tí wọ́n fi ń tú orí máṣìn lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó yọjú, ó rí ìwo lókèèrè, ó ní, "Ẹ káre, Màmá," wọ́n sì kọjá. Kò ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé orúkọ kan kò ní ìwo. Àgbàdo tí ìyá mi sun fún ìṣínu lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló jẹ nínú rẹ̀.

Èmi wá kù pẹ̀lú iṣẹ́ arúgbó. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo sì ṣe ohun tí n kò ṣe rí fún lẹ́tà yẹn, mo wò ó dáadáa. Mo fi lẹ́tà ńlá ẹyọ kan ṣoṣo síwájú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè wọ gèlè rẹ̀ láìsí pé ẹlòmíì dí i lójú. Mo yà wọ́n síra díẹ̀, igi ọgbà náà wá ń mí. Lẹ́tà oníwo kò mọ àmì Yorùbá, ló jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo fi bírò dúdú to àmì sórí orúkọ àwọn obìnrin méjèèjì àti sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò mí. Nígbà tí mo gbé e sókè, ó dúdú, ó ga, ó dákẹ́ bí ilé àwọn àgbà. Ó rẹwà. Inú bí mi pé ó rẹwà.

Lẹ́yìn Ìtúnnu, èmi àti ìyá mi gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Arúgbó náà ti wọ aṣọ ọdún. Ó fi ìwé náà lé orí itan, ó fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ojú ìránṣọ, ó sì ní kí n fi orúkọ ọ̀gá òun han òun. Mo fi hàn án. Ó ní kí n fi tòun han òun. Mo fi hàn án. Kò sọ nǹkan kan nípa òkú.

"Ibo ni wọ́n máa fọwọ́ sí?"

Mo fi ilà tó wà nísàlẹ̀ hàn án. Ó fa téèpù yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì mi orí.

"Ó kúrú. Ọwọ́ ọ̀gá mi tóbi. Kò ní gbà wọ́n."

Ìyá mi ti ń dìde. "Ṣé kó sáré wá ibi tí kọ̀ǹpútà wà níbí, kó tún un ṣe báyìí, Ọ̀gá mi?"

Arúgbó ká téèpù rẹ̀ jọ, ó dá ìwé náà padà fún mi.

"Kí ló dé tí gbogbo yín máa ń kánjú? Kó gbé e lọ sílé, kó fara balẹ̀ ṣe é. Èmi náà ò tíì ń lọ."